Kóró Òrí Inú Ìkòkò Túùkú

Ààlọ́ o!

*Ààlọ̀!*

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ààlọ́ o!

*Ààlọ̀!*

Ẹn-ẹ́n, ìyẹn dára. Dérónkẹ́, sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ kí àwọn tó kù lè ríbi jókòó. Àlọ́ mi gbéra, ó wọ inú igbó dídí. Ó rìn títí, ó kan odò. Ó fo odò, ó bọ́ sí ọ̀dàn. Kò bà lé ẹlòmíràn, àfi Òkété onírùngbọ̀n, Túùkú ẹlẹ́nu gígùn, àti Ẹtu, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò ju ti àdàbà lọ.

Láyé àtijọ́, ìlú méjì ni àwọn ẹranko ní. Àwọn ará igbó ń gbé abẹ́ igi ńláńlá, Erin sì ni olórí wọn. Àwọn ará ọ̀dàn ń gbé inú koríko, Kìnnìún ni olórí tiwọn. Odò kan ló wà láàárín wọn, Odò Àwẹ̀rọ̀ lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará igbó ló ni odò náà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí gbogbo kòtò omi inú ọ̀dàn bá gbẹ táútáú, ibẹ̀ ni àwọn ará ọ̀dàn ń ti mu. Àwọn ará ọ̀dàn ń mu láàárọ̀, àwọn ará igbó ń mu nírọ̀lẹ́, ẹnì kan kì í pàdé ẹnì kan níbẹ̀.

Wọn ò fẹ́ràn ara wọn o! Bí ará igbó bá rí ará ọ̀dàn lókèèrè, á pòṣé. Bí ará ọ̀dàn bá rí ará igbó, á gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu, kò sì sí ìjà.

Ó ṣe, Erin darúgbó. Ó pe àwọn ará igbó jọ, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ro mí. Ẹ yan ẹlòmíràn tí yóò máa ṣe olórí, kí èmi náà lè máa sùn lọ́sàn-án."

Ẹni méjì ló jáde. Túùkú kọ́kọ́ jáde, ẹrẹ̀ ṣì wà nímú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè mí níṣẹ́, n ó wá." Ó lọ jókòó.

Òkété wá jáde. Ó nu rùngbọ̀n rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó nu ún sósì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ìgbín gun igi, ìgbín sọ̀ kalẹ̀, Òkété ṣì ń sọ̀rọ̀.

Erin ní, "Ó tó. Lọ́la, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, a ó gbé ìkòkò méjì síbí. Kí olúkúlùkù mú kóró iṣin kan ṣoṣo, dúdú dídán, kó jù ú sínú ìkòkò ẹni tó bá wù ú. Ìkòkò tí kóró bá pọ̀ sí jù, ẹni tó ni ín ni olórí."

Kíá, Òkété ti fò dìde. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ fọ ìkòkò méjèèjì. Iṣẹ́ tó yẹ mí ni."

Gbogbo ará igbó ní, "Háà! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Òkété gbé ìkòkò méjì dé, ó ti fọ̀ wọ́n, ó sì ti fi ewé bo ẹnu wọn, ó wá dá ihò kékeré sí ewé náà. Àwọn ẹranko tò. Kó! Kó! Kó! Kóró iṣin ń bọ́ sínú ìkòkò. Ọ̀bọ fẹ́ ju méjì, Erin fi ọwọ́jà gbá a lọ́wọ́ pé, "Ìwọ, ọ̀kan!"

Wọ́n tú ìkòkò Òkété, kóró tó wà níbẹ̀ kò ju òkìtì èèrà lọ. Wọ́n tú ti Túùkú, wòòròwò! Ó ga dé orúnkún Ẹtu. Àwọn èèyàn ti ń pariwo ayọ̀, Túùkú ti ń wá ibi tí yóò fojú sí, ni Òkété bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ dákẹ́! Kí lèyí?"

Ó mú kóró kan sókè. Kò dúdú. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó tóbi bí ẹyin àdàbà. Ó mú òmíràn. Ó mú òmíràn. Méje ni gbogbo rẹ̀.

"Kóró òrí!" ni ẹnì kan pariwo.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ òrí, tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára. Igi òrí kì í hù nínú igbó. Inú ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Kìnnìún, ló ń hù.

Òkété gun orí òkúta. "Ará igbó, ẹ̀yin náà rí i! Kìnnìún ti kiwọ́ bọ inú ìkòkò wa! Túùkú ló fẹ́ fi jẹ lé wa lórí, kó lè máa darí wa láti òdìkejì odò!"

Túùkú bọ́ síwájú. "Èmi? Mi ò dé ọ̀dàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi…"

Ta ló gbọ́? Ariwo ti sọ gèè. Wọ́n da gbogbo kóró Túùkú sínú igbó, èyí tó dúdú àti èyí tó pọ́n. Wọ́n tutọ́ síwájú rẹ̀. Wọ́n gbé Òkété sórí àga. Túùkú sì rọra kó ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlẹ̀, ó gba ilé lọ, kò wo ẹ̀yìn.

Àṣẹ tí Òkété kọ́kọ́ pa ni pé kí wọ́n di odò. Wọ́n kó ẹ̀gún jọ sí etí omi níhà ọ̀dàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Kí ará ọ̀dàn kankan má mu níhìn-ín mọ́. Kí wọ́n lọ mu ìrì!"

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, àwọn ará ọ̀dàn dé, wọ́n bá ẹ̀gún, wọ́n padà. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ ẹfọ̀n ò lè dìde mọ́, ahọ́n wọn yọ síta. Kìnnìún bá rán Àṣá pé kó lọ sọ fún ará igbó: "Bí ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún bá mọ́ tí ẹ̀gún ṣì wà níbẹ̀, eyín la ó fi kó o kúrò."

Jìnnìjìnnì bo igbó. Àwọn abiyamọ kó ọmọ wọn wọlé. Òkété ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá! A ó fi hàn wọ́n!" Bẹ́ẹ̀ ni o, ihò tirẹ̀ ló ń gbẹ́ jinlẹ̀ sí i.

Ẹtu bá tọ Erin lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ló ti bi Kìnnìún léèrè?"

"Kí ni a ó bi í?"

"Bóyá òun ló fi kóró yẹn síbẹ̀."

Erin ju etí sẹ́yìn, ó jù ú síwájú. "Kò sí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó bi í."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi í."

"Ìwọ Ẹtu? Ẹran ìjẹ ni ọ́ lójú Kìnnìún, ọmọ mi!"

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ méjì nílé. Bí ogun bá dé, ta ni yóò kọ́kọ́ mú? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ga báyìí ni, àbí àwọn ọmọ mi?"

Erin na ọwọ́jà sókè. Ó ya màrìwò tútù kan, ó fi há a lẹ́nu. "A kì í pa ikọ̀. Kọrin kí o tó dé ibẹ̀, kí wọ́n má ṣì ọ́ mú."

Ẹtu ré odò kọjá, ó fi ara tín-ín-rín rẹ̀ yọ́ gba àárín ẹ̀gún. Bó ṣe tẹ koríko ọ̀dàn, ó bọ́ màrìwò sí ọwọ́, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é o:

Onílé ọ̀dàn, mo kágò o.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*
Èmi Ẹtu, n ò gbé ọfà dání.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*
Ọ̀rọ̀ ló ta kókó, mo wá tú u.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*
Ẹ má pa mí o, mo lọ́mọ nílé.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*

Ìkookò tó ń ṣọ́ ẹnubodè nà dìde. "Kí ni mò ń gbọ́ yìí? Oúnjẹ wá ń kọrin bọ̀ wá bá mi!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ kọ́, ikọ̀ ni mí. Ẹ wo màrìwò."

Ìkookò wo màrìwò. Ó wo itan Ẹtu. Ó tún wo màrìwò. Ó gbé itọ́ mì, gbì. "Ó dáa. Máa tẹ̀ lé mi. Ṣùgbọ́n má rìn lójú mi, ẹ̀yìn ni kí o wà."

Wọ́n bá Kìnnìún lábẹ́ igi òrí kan, ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Yára sọ̀rọ̀, kí ebi tó borí sùúrù mi."

Ẹtu kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fi kóró òrí sínú ìkòkò tí a fi ń yan olórí. Mo wá béèrè ni. Ṣé ẹ̀yin ni?"

Kìnnìún bú ramúramù! Ewé òrí já bọ́ sílẹ̀ wèrèwèrè. Ẹtu di màrìwò rẹ̀ mú, kò sá.

"Ẹ̀yin ará igbó! Ẹ̀yin lẹ ń bi mí ní irú èyí? Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwa ń yan olùṣọ́ koríko wa, ta ló rán àwọn ọ̀bọ yín sórí igi etí odò? Wọ́n ń pariwo láti àárọ̀ pé ká má yan Ẹfọ̀n! Wọ́n ń sọ èèpo iṣin lu àwọn àgbà wa lórí! Ìyẹn kò burú, àbí? Ti ẹlòmíràn ló ń rùn, tiyín ń ta sánsán!"

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni ẹ rò pé Ẹtu yóò sọ? Erin kò rán an pé kó jẹ́wọ́ nǹkan kan. Bó bá ní irọ́ ni, ta ló máa jẹ́rìí? Ẹtu wo ilẹ̀. Ó rántí bí àwọn ọ̀bọ ṣe ń pariwo lọ́jọ́ náà, ó rántí pé òun gan-an rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú òun.

Ó ní, "Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Àwọn ọ̀bọ wa ṣe é. A rí wọn, a rẹ́rìn-ín, ẹnì kankan kò bá wọn wí. Ó burú. Ẹ forí jì wá."

Ìkookò tó ti la ẹnu gbàgẹ̀rẹ̀ pa á dé. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ará ọ̀dàn kan kò gbọ́ ọ rí kí ará igbó sọ pé, "A ṣẹ̀ yín."

Kìnnìún jókòó. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ti sọ tiyín. Jẹ́ kí n sọ tèmi. N kò fi kóró kankan sínú ìkòkò yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ́ tán. Oṣù kan sẹ́yìn, Òkété wá síbí."

"Òkété?"

"Òkété. Ó ní bí mo bá ran òun lọ́wọ́ láti di olórí lẹ́yìn Erin, òun yóò fa gbogbo odò lé mi lọ́wọ́. N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú mi ń dùn ni. Mo ní kí wọ́n máa ba ara wọn jẹ́, èmi á máa wòran. Nígbà tó ń lọ, ó ní ìyàwó òun bímọ, òun fẹ́ kóró òrí tí wọn yóò fi ṣe ìpara ọmọ. Mo ní kí Ìkookò fún un."

"Apẹ̀rẹ̀ kan bámúbámú!" ni Ìkookò wí. "Èmi gan-an ni mo gbé e dé etí odò fún un!"

Kìnnìún mi orí. "Ọjọ́ náà ló yẹ kí n ti ránṣẹ́ sí Erin. Mo dákẹ́, ìdákẹ́ mi ló wá di òùngbẹ ọmọ ẹfọ̀n."

Ẹtu ní, "Kábíyèsí, ṣé ẹ ó lè wá sọ èyí lójú gbogbo ará igbó?"

"Èmi? Kìnnìún kì í lọ jẹ́wọ́ létí odò."

"Omi wà létí odò, Kábíyèsí."

Kìnnìún wò ó. Ó lá ètè rẹ̀. Ó dìde.

Ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún mọ́. Àwọn ará igbó tò sí ẹ̀yìn ẹ̀gún, igi àti òkò wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn ọmọ Ẹtu méjèèjì dúró ti Erin, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, nítorí Òkété ti kéde pé, "Ẹ má retí ìyá yín mọ́, Kìnnìún ti fi ṣe oúnjẹ." Eruku sọ lókè ọ̀dàn. "Wọ́n ti dé o!" Ẹni tó fẹ́ sá ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ni wọ́n bá gbọ́ ohùn kan, ohùn kékeré tí kò ju ti àdàbà lọ:

Onílé igbó, mo padà dé o.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*
Mo rí Kìnnìún, eyín kò kàn mí.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*
Ẹ sọ igi kalẹ̀, ẹ sọ òkò nù.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*
Ọ̀rọ̀ la mú bọ̀, a ò mógun wá.
*Àgò yà, ikọ̀, máa bọ̀.*

"Ìyá wa ni!" Àwọn ọmọ rẹ̀ kígbe. Gbogbo ará igbó mí kanlẹ̀, hùùù! Erin fi ọwọ́jà nu ojú, ó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Kìnnìún dúró sí òdìkejì odò. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ̀gún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún Ẹtu, kò yọ ti ara rẹ̀ kúrò.

Òkété fò sókè lórí òkúta. "Irọ́! Irọ́ gbuu! Ọ̀tá wa ni! Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ ọ̀tá gbọ́?"

Àwọn kan mi orí pé òótọ́ ni, ọ̀tá ni. Àwọn kan ń wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ fẹ́ tún dojú rú. Ẹtu bá ré odò padà, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú Òkété.

"Olórí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. A ò mọ̀ pé ìyàwó yín bímọ. Ẹ kú ewu ọmọ o."

Gbogbo ará igbó tẹ́wọ́ gbà á. "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ìyá ọmọ tuntun dà?"

Ìyàwó Òkété bọ́ síwájú, ó ya ẹnu. "Ọmọ wo? Ta ló bímọ? Àbígbẹ̀yìn mi ti ń gbẹ́ ihò tara rẹ̀! Àbí apẹ̀rẹ̀ tó gbé pamọ́ sí ẹ̀yìn ibùsùn wa, tó ní kí n má fọwọ́ kàn, ti ọmọ lẹ́yìn odi ni?"

"Dákẹ́, obìnrin yìí!" ni Òkété kígbe.

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Túùkú, tí kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ márùn-ún, jáde wá láti ẹ̀yìn èrò. Ó lọ sí ẹnu ihò Òkété, ó ti imú bọlẹ̀. Ó túlẹ̀, wùrù-wùrù-wùrù! Kóró òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yí jáde, gbirigbirigbiri, ó kọjá níwájú Erin, ó kọjá níwájú Ọ̀bọ, òmíràn yí bọ́ sínú odò. Méje péré ni Òkété fi sínú ìkòkò nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Bó bá da èyí tó kù nù, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà kò jẹ́ kó lè sọ ohun jíjẹ nù.

"Òun ló kó o síbẹ̀ fúnra rẹ̀!" ni gbogbo ayé ké. "Ó fẹ́ ta odò fún Kìnnìún, ó wá ń fi Kìnnìún halẹ̀ mọ́ wa!"

Òkété kò dúró gbọ́ ìyókù. Fìrí! Ó kó wọ ihò mìíràn, ó gbẹ́ ẹ lọ títí, kò sì sẹ́ni tó lé e.

Erin wá yíjú sí Túùkú. Erin ńlá yìí, ó kúnlẹ̀. "Túùkú, a tutọ́ síwájú rẹ. A ò gbọ́ tẹnu rẹ. Dárí jì wá."

Túùkú ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹsẹ̀ yín ń dùn yín." Ó ní, "Ẹ̀gún yìí ńkọ́?"

Àwọn ọ̀bọ ni wọ́n ní kí wọ́n kó ẹ̀gún kúrò, gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń kó o, wọ́n ń ké "yéè! yéè!", àwọn ará ọ̀dàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀nà là, Kìnnìún kò lọ síwájú. Ó ní kí àwọn ọmọ ẹfọ̀n kọ́kọ́ mu. Wọ́n mu, gbúlú-gbúlú-gbúlú, ikùn wọn yọ bí àgbá, wọ́n sì sùn sétí omi náà gbalaja. Àwọn abiyamọ ní ọ̀tún, àwọn abiyamọ ní òsì, gbogbo wọn ń wò wọ́n.

Níbẹ̀ ni Erin àti Kìnnìún ti ṣe àdéhùn. Bí ará igbó bá ń yan olórí, kí ará ọ̀dàn má dá sí i. Bí ará ọ̀dàn bá ń yan tirẹ̀, kí ọ̀bọ jókòó sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gba ẹ̀yìn wá pé, "Ẹ wá ràn mí lọ́wọ́, n ó fún yín ní odò," kí wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n tún kóró iṣin jù. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti fọ ìkòkò. Túùkú ló wọlé, ó sì ń ṣe olórí títí ó fi darúgbó.

"Ìyá, ṣé wọ́n wá di ọ̀rẹ́?"

Rárá o, Dérónkẹ́. Ará igbó ṣì ń pòṣé, ará ọ̀dàn ṣì ń wo ojú òjò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń mu omi, wọ́n sì ń sùn. Ẹtu ńkọ́? Ẹtu kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó délé, ó dùbúlẹ̀. Ìgbà náà ni gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ̀n gidigidi. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, àwọn náà ń bá a rẹ́rìn-ín, títí oorun fi gbé wọn lọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi rìn dé rèé, ibẹ̀ ni mo ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa fún yín, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹ tẹ́tí: ta, ta, ta! Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń dún?

*A gbọ́ ọ!*

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí á máa béèrè ká tó bínú. Ẹni tó bá tìtorí ipò pe ará ìta wá sínú ọ̀rọ̀ ilé, ilé náà ló ń tà. Ẹ̀yin náà, nígbà tí ẹ bá ṣẹ ọmọnìkejì yín, ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín kí ẹ tó ka tirẹ̀ sí i lọ́rùn. Ó nira, ṣùgbọ́n òun ló ń paná ìjà.